Ooru Pọ̀ Nínú Ilé Yìí

Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn Texas bá ti gun orí òrùlé ilé ọmọ mi ní Plano, èmi a wọ súwẹ́tà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn kì í sinmi, atẹ́gùn rẹ̀ a sì máa rọra fẹ́ sí mi lọ́rùn bí ẹni tí ó fẹ́ bá mi sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Mo máa ń jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, n ó na ẹsẹ̀ mi, n ó di ojú, kò sì ní pẹ́ tí n ó fi gbọ́ ohùn ara mi, láti ìgbà tí ohùn náà ṣì dùn. "Ṣé agbára yín ká a láti mú kí inú ilé gbóná bó ṣe yẹ? Ṣé ẹ ń rí ẹran tàbí ẹja jẹ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì? Ṣé ẹ ní bàtà méjì tí omi kò lè wọ̀?" Àwọn ilé tí mo ti béèrè ọ̀rọ̀ wọ̀nyí a máa kọjá níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan: àtẹ̀gùn tóóró, òórùn aṣọ tí kò gbẹ, ọmọ tí ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn òjò Brussels a máa rọ̀ sórí koríko Plano. N kì í la ojú. Bí mo bá la ojú, òjò náà á dá.

Nínú gbogbo ilé wọ̀nyẹn, ọ̀kan ni orúkọ mi ti bàjẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó ni ilé. Ẹ̀bi ọkùnrin kan ni, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tí mo máa ń pè ní ẹ̀gbọ́n nítorí pé ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bá a jà nínú ọkàn mi, tí mo ń borí rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì tó kú: kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé n kò purọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi rò pé akọ̀wé báńkì ni mí tẹ́lẹ̀. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó wà ní Yúróòpù, olúkúlùkù ni ó sì ní bí ó ṣe ń tọ́jú àwọn aláìní tirẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnì kan kò lè pàṣẹ fún ẹnì kejì. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí gbogbo wọn máa béèrè ìbéèrè kan náà, kí wọ́n máa fi ọ̀nà kan náà mọ ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́, kí wọ́n sì máa jókòó yí tábìlì kan ká, kí olúkúlùkù rí ìwé ẹnì kejì. Ìtìjú ni yóò ṣe ìyókù. Mo fẹ́ràn èrò yẹn nígbà náà. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń fẹ́ràn ilé tí wọ́n ti lé e jáde.

Iléeṣẹ́ ìwádìí kékeré kan, tí kò sí mọ́, ni wọ́n gbé díẹ̀ fún nínú iṣẹ́ náà. Àwa ni a ó kọ́kọ́ gbé àwọn ìbéèrè lọ sí ilé àwọn àjèjì, láti mọ̀ bóyá wọ́n yé wọn bí wọ́n ṣe yé àwọn onílé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gba èmi àti ẹ̀gbọ́n. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àpótí mẹ́ta ni a yà sórí fọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá, agbára kò ká a. Rárá, nítorí ìdí mìíràn. Àpótí kẹta yẹn wà fún ẹni tí kì í jẹ ẹran nítorí pé ẹran kò wù ú, tàbí tí dókítà ní kí ó má jẹ ẹ́. Láàárín àpótí kejì sí ìkẹta ni gbogbo iṣẹ́ wa wà. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, kí ó lọ máa ka mọ́tò lójú títì.

Ẹ gbọ́, nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í sọ pé nǹkan tán. Ẹnu ìyá mi kò gba ọ̀rọ̀ náà. Bí iyọ̀ bá tán, á ní, "Iyọ̀ ti pọ̀ o." Bí epo bá ku ìsàlẹ̀ ìgò, epo ti ń pọ̀ nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó bá pariwo pé nǹkan tán, ó ń sọ fún nǹkan náà pé kí ó má padà wá ni. Àwọn ilé kan ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn kò sọ ọ́. Etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí nǹkan bá pọ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà a máa yára jáde lẹ́nu. Bí ó bá tán, a ó fà á díẹ̀, a ó sì gbé ojú sí ibòmíràn.

Ilé ẹ̀gbọ́n náà ń sọ ọ́. Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì wá láti Ìbàdàn nígbà náà, ọ̀dọ̀ mi ni ó sì ti máa ń jẹun ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Ní ọjọ́ kan, ó na àwo rẹ̀ fún ọmọ mi, tí kò tíì ju ọmọ kékeré lọ, pé kí ó bá òun bu ìrẹsì sí i. Ọmọ náà wo inú ìkòkò, ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ìrẹsì ti pọ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. "Ta ló kọ́ ọmọ yìí? Ohùn ìyá mi gan-an nìyẹn! Lọ́jọ́ tí nǹkan bá pọ̀ jù nílé tiwa, omi la máa ń mu sùn."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tún bu èyí tó pọ̀ yẹn sí i fún yín?"

"Má dà mí láàmú jàre. Mo ti yó fún ọ̀pọ̀."

Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Nínú àlá mi ọ̀sán, ó máa ń kọ́kọ́ dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, bí ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn.

Ní ìgbà òtútù ọdún yẹn ni mo wọ ilé obìnrin náà. Ọmọ Yorùbá ni, ó bí ọmọ méjì, ó sì ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì kí àwọn tó ni ọ́fíìsì tó jí. Kóòtù ni ó wọ̀ nínú ilé, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mi sórí tábìlì, nítorí òfin ni pé kí a gba ohùn wọn sílẹ̀.

"Ẹ kú òtútù, mà," ni mo wí.

"Òtútù kẹ̀?" Èéfín funfun jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó wo ògiri. "Ooru... ooru pọ̀ nínú ilé yìí, àǹtí."

Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ọwọ́ lé páìpù tí ó yẹ kí ó máa gbóná, ó wò mí, ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ẹran tàbí ẹja ńkọ́, mà? Lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì?"

"Ẹran... ẹran pọ̀."

"Ṣé ẹ máa ń rí àyè kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, láti lọ sinmi?"

Èyí pa á lẹ́rìn-ín. "Kí n tún kúrò nílé? Àǹtí, láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, ǹjẹ́ mo tíì padà?" Ó wo ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mi. "Ta ló tilẹ̀ fẹ́ mọ gbogbo èyí?"

"Àwọn ìjọba ni, mà."

"Ti ibí yìí?"

"Gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn!" Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé àlejò pàtàkì fẹ́ dé. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé a dúpẹ́."

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù náà. Ilé gbígbóná: rárá, agbára kò ká a. Ẹran: rárá, agbára kò ká a. Ó yẹ kí n kọ àlàyé sí etí ìwé. N kò kọ ọ́. Ọwọ́ mi ti kú, mo sì rò pé ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ẹni mi.

Ẹni mi náà ni ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá wa, ọkùnrin gíga kan tí n kò rò pé ó wọ kíṣíìnì rí àyàfi bí ó bá ṣìnà, ti kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì mi fún ẹ̀gbọ́n pé kí ó kọ ohun tí ó bá gbọ́ sílẹ̀ ní èdè òyìnbó. Wọ́n pè mí wọ yàrá kan tí ó ní fèrèsé ńlá. Òjò ń rọ̀.

"Obìnrin yìí sọ pé ooru pọ̀," ni ọ̀gá wí. "Ìwọ kọ ọ́ pé kò sí. Ó sọ pé ẹran pọ̀. Ìwọ kọ ọ́ pé kò sí."

Mo rẹ́rìn-ín. N kò tíì dárí ji ara mi fún ẹ̀rín yẹn. Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún wọn."

Ó ń yí pẹ́ńsù kan láàárín ìka rẹ̀. "Ó pọ̀ ni mo gbọ́," ni ó wí fún ọ̀gá. "Ó pọ̀ túmọ̀ sí pé ó pọ̀."

Mo bá a sọ Yorùbá, jẹ́jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ìrẹsì ọjọ́ Sunday ńkọ́?"

Kò wò mí. Ó fi òyìnbó dá mi lóhùn pé ohun tí mo ń sọ kò yé òun.

Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àdéhùn iṣẹ́ wa fẹ́ parí, àyè ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù, ìyàwó rẹ̀ sì ti fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú. Mo mọ̀ ọ́n, n kò sì gbà á. Èmi náà ní ọmọ. Wọ́n kọ lẹ́tà fún mi pé mo yí ìdáhùn àwọn ènìyàn padà, lẹ́tà yẹn sì ń ṣáájú mi dé gbogbo ọ́fíìsì tí mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ títí mo fi gbà láti máa kọ́ àwọn ọmọ olówó ní èdè òyìnbó nílé wọn. Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n yọ gbogbo ilé tí mo ti wọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Nínú ìwé tí àwọn ìjọba gbé yí tábìlì ká lọ́dún yẹn, obìnrin tí ó wọ kóòtù nínú ilé kò sí. Wọn kò kà á mọ́ òtòṣì, wọn kò kà á mọ́ olówó. Ó ní kí n sọ fún wọn pé òun dúpẹ́, iṣẹ́ tí ó rán mi kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan tẹ̀ wá láago. Ó ní òun ni ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n, pé bàbá ti wá ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Mansfield, ní Texas níbí, ara wọn kò yá, wọ́n sì ń béèrè mi. "Wọ́n ní kí n rí i dájú pé ẹ wá, mà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà."

Ọ̀rọ̀ kan wà. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko pa ojú dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn.

Ọmọ mi ni ó fi ọkọ̀ gbé mi lọ. Fríwéè gbé wa sókè lórí Dallas, ọ̀nà lórí ọ̀nà, bí okùn tí ẹnì kan ti ta sójú ọ̀run tí ó sì gbàgbé ibẹ̀. Ilé gíláàsì gíga-gíga ń yọ, wọ́n ń wọlé sínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n tún ń yọ. Mo ń tòògbé, mo ń jí. Nígbà kan mo rò pé trámù, ọkọ̀ ojú irin Brussels, ni mo wà nínú rẹ̀, fọ́ọ̀mù wà lórí itan mi.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn gan-an?" ọmọ mi bi mí.

"Òun ni yóò sọ̀rọ̀."

"Okay. Tí wọn ò bá wá sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Ohun tí mo bá gbọ́ ni n ó kọ sílẹ̀."

Ó ti mọ ìtàn náà, òun ṣáà ni ó bu ìrẹsì. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orúnkún mi.

Ilé tuntun ni ilé wọn ní Mansfield, nínú ọ̀wọ́ ilé tí gbogbo wọn jọ ara wọn bí ìbejì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó ní òun fẹ́ sáré lọ gbé àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Ọmọ mi ní òun fẹ́ ra gáàsì sí ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ rẹ̀ kò nílò gáàsì. Báyìí ni ó ṣe ku èmi àti ẹ̀gbọ́n nínú pálọ̀ ńlá kan tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kún inú rẹ̀ bí omi.

Ó ti kéré. Bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, fìlà rẹ̀ sì ti tóbi jù fún orí tí ó gbé e.

"Àbúrò," ni ó wí. "O ò mà dàgbà rárá."

"Ẹ̀yin lẹ bá àwa méjèèjì dàgbà, ẹ̀gbọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dúró pẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti òjò Brussels, ti trámù tí ó máa ń pẹ́, ti àwọn ìpàdé tí àwọn ènìyàn ti máa ń jà títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé pákó dídán kan kọ́, tí wọ́n fi dá a lọ́lá nígbà tí ó fẹ̀yìn tì. Mo sún mọ́ ọn, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó ṣiṣẹ́ sin àwọn aláìní tọkàntọkàn.

"Ó dára," ni mo wí. "Ṣé àwọn aláìní náà wá síbi ayẹyẹ náà?"

"Ẹnu rẹ ò tíì yí padà."

"Ẹ ní ọ̀rọ̀ kan wà."

Ó gbá bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ra. "Ó wà. Kọ́kọ́ bá mi se tíì ná. Ìyàwó ọmọ mi ń se é bí omi ìfọwọ́."

Kíṣíìnì náà kò ní ògiri, mo ń wò ó láti ibẹ̀, ó ń wò mí. Mo gbé omi kaná. Mo rí ife méjì, mo rí tíì.

"Ṣúgà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

Ó gbé ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó wo fèrèsé.

"Ṣúgà," ni ó wí. "Ṣúgà... pọ̀."

Agolo pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò tíì. Mo ṣí i. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán, bí ìgbà tí ènìyàn ti fi ṣíbí ha á títí. N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó ní ìdúró, omi ń hó lẹ́yìn mi. Òjò ń rọ̀ níbì kan. Mo rí èéfín funfun tí ń jáde lẹ́nu obìnrin kan, mo rí ọwọ́ ọmọ lórí páìpù.

Mo gbé agolo náà lọ bá a ní ṣíṣí, mo gbé e sí itan rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀.

"Dókítà ní kí n má jẹ ẹ́ mọ́," ni ó wí.

"Rárá, nítorí ìdí mìíràn," ni mo wí.

Ó mọ àpótí kẹta náà dáadáa. Mo padà lọ bu tíì, mo gbé tirẹ̀ fún un, mo sì jókòó. A mu ún ní kíkorò. Ìmọ́lẹ̀ ń sún lórí kápẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, ó kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú mi dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí kò ti dákẹ́ rí láti ọdún wọ̀nyẹn wá. Mo rò pé ó ti parí, pé ẹnu rẹ̀ ti jẹ́rìí, bí òun kò tilẹ̀ fẹ́.

Nígbà náà ni ó gbé ife sílẹ̀. Ó wò mí, ojú rẹ̀ tutù. "Àbúrò, ṣé o ṣì máa ń se ìrẹsì yẹn?"

"Ìrẹsì wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Ti ọjọ́ Sunday."

Mo mọ ohun tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀kùn fẹ́ ṣí. Láti ọdún wọ̀nyẹn ni mo ti ń dúró dè é, ohun tí ó kù kò ju kí n dákẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ìmúra sílẹ̀ lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí ó ti ń yí pẹ́ńsù, kò sì dúró gba àṣẹ mi.

Mo fi òyìnbó dá a lóhùn pé ohun tí ó ń sọ kò yé mi.

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ sí létí. Ó gbé agolo náà, ó dé e, ó sì dì í mú ní ọwọ́ méjèèjì. Ìgbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi dé pẹ̀lú ariwo àwọn ọmọ, ó ti sùn, tàbí ó ń díbọ́n pé òun sùn.

Nínú ọkọ̀, ọmọ mi kò lè mú un mọ́ra. "Mọ́mì! Ṣé wọ́n bẹ̀ yín?"

Mo kọjú sí fèrèsé. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn Arlington, ó pọ́n gbogbo gíláàsì.

"Ẹ̀bẹ̀," ni mo wí. "Ẹ̀bẹ̀ pọ̀."

"Thank God!" Ó fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. A lọ díẹ̀. Àmì ọ̀nà aláwọ̀ ewé kan kọjá lókè orí wa, òmíràn tún kọjá. Ó na ọwọ́, ó pa rédíò.

"Mọ́mì," ni ó wí jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn ọmọ tí ó ń wo inú ìkòkò. "Ó pọ̀ èwo?"

Mo ní kí ó máa wo ọ̀nà.